Okùn méjì tí a fi sílẹ̀ ní Tyrrel Bay

Láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2024, ọkọ̀ wa wà lórí ìdákọ̀ró ní Tyrrel Bay, ní erékùṣù Carriacou lójú òkun Kàríbẹ́ánì, ó sì ń jò. Kì í ṣe jíjò tó lè rì wá lójijì. Sílì, ohun tó ń dínà omi níbi tí ṣáàfù, ọ̀pá ẹ́ńjìnì, ti gba ìdí ọkọ̀ jáde, ló ti gbó, omi iyọ̀ sì ń kán wọlé, tó, tó, tó, bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa. Ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni mo ń gbọ́n ọn, á sì kún ìdajì garawa. Kò ṣeé tún ṣe lórí omi, àfi kí wọ́n gbé ọkọ̀ gòkè. A ti gba àyè sílẹ̀ ní ọgbà ọkọ̀ kan ní Chaguaramas, ní Trinidad, fún Túsìdé ọjọ́ kejì oṣù keje. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ń kí wa kú ọgbọ́n pé a sá fún ìjì Beryl. Jíjò yẹn ni kí wọ́n kí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ló ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ onígbòkun aláàlòkù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 38. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ìlú Ọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìlàjẹ lèmi, láti etí òkun níbi tí omi ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò fojú kan òkun títí tó fi lé lọ́mọ ogún ọdún ló ni ọkọ̀, ọmọ Ìlàjẹ ló ń gbọ́n omi inú rẹ̀.

Ìtàn kan tí Ẹ̀gbọ́n kà ló jẹ́ kí wọ́n yan Grenada nínú gbogbo erékùṣù Kàríbẹ́ánì. Ní ọdún 1849, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ Áfíríkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n sì fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ oko. Ìjẹ̀ṣà pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn sì ni ìsìn Ṣàngó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Grenada. Ẹ̀gbọ́n ní ará ilé làwọn ń lọ kí, kì í ṣe fàájì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ kí ará ilé ti gbé wọn dé etíkun tó dára tó mẹ́wàá kí wọ́n tó rántí béèrè ará ilé kankan, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ìtàn yìí.

Carriacou kéré. Abẹ́ ìjọba Grenada ló wà, òun àti Petite Martinique tó wà nítòsí rẹ̀. Kayak ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ara wọn. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni ayé fi mọ̀ wọ́n: ní abúlé Windward, etí omi gan-an ni wọ́n ti máa ń kan ọkọ̀ onígbòkun, tí wọ́n máa ń fi igi cedar funfun ṣe egungun rẹ̀, ojú àti ọwọ́ nìkan ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ọkọ̀ tuntun bá fẹ́ wọ omi, wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á pa àgùntàn, wọ́n á ta ọtí rum sí i lára, àlùfáà á gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gé àwọn igi tó gbé e ró lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí tọmọdé tàgbà á wá fi okùn wọ́ ọ lọ sínú òkun. Oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún gbogbo ayé lọ́jọ́ ètùtù báyìí, saraka ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní kí bàbá tó sọ ọ́ tún un sọ. Sàárà ni! Wọ́n tiẹ̀ máa ń gbé abọ́ tọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn òkú ọ̀run, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá tó sọ ọ́ ni àwa ń pè ní bàbá oníbúrẹ́dì. Láràárọ̀ ló ń tukọ̀ kékeré káàkiri àárín àwọn ọkọ̀ àlejò, tó ń ta búrẹ́dì gbígbóná àti oyster, ẹran omi inú ìkarahun. Harvey Vale ni ilé rẹ̀ wà, lókè etíkun náà. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún.

Oyster yẹn, ara gbòǹgbò igi ló ti ń já a. Ní apá àríwá Tyrrel Bay, ọ̀nà omi tóóró kan wọ inú igbó ẹ̀gbà lọ, igi etí omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ìjọba ti sọ ibẹ̀ di ibi ààbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró síbẹ̀ lọ́jọ́ lásán. Àmọ́ bí ìjì ńlá bá ń bọ̀, wọ́n gbà kí ọkọ̀ sá wọ ibẹ̀. Wọ́n á ki imú ọkọ̀ bọ àárín igi, wọ́n á ta okùn mọ́ gbòǹgbò níwájú, wọ́n á ju ìdákọ̀ró sẹ́yìn. Ìgbì òkun kì í débẹ̀, igi á sì bá wọn gba díẹ̀ nínú ipá afẹ́fẹ́. Gbogbo atukọ̀ agbègbè yẹn ló mọ ibẹ̀. Èmi náà mọ igbó ẹ̀gbà, kì í ṣe àjèjì sí mi. Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá mi máa ń sá sí tí ìjì bá ká wọn mọ́ ojú omi nílé. Ìjì tiwa nílé kì í sì í ju wákàtí kan lọ.

Ìwé inṣọ́ránsì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì lápá ibẹ̀, àwọn oníinṣọ́ránsì sì máa ń fa ìlà kan sórí òkun: bí ọkọ̀ rẹ bá wà ní àríwá ìlà yẹn láàárín oṣù mẹ́fà yìí tí ìjì bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ ara rẹ ni. Nínú ìwé tiwa, ìwọ̀n 12 àti ìṣẹ́jú 40 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni ìlà náà wà. Tyrrel Bay kò tó 12 àti ìṣẹ́jú 30. A wà nínú ìlà, bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ mìíràn, nítorí náà ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn erékùṣù yẹn mọ̀ pé ìjì kì í ka ìwé. Janet kọjá níbẹ̀ ní 1955. Ivan fọ́ Grenada túútúú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, Emily sì tún padà wá gba Carriacou mọ́ ọn ní oṣù keje ọdún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ti kọjá. Àwọn tó so ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2024, àwọn bíi tiwa tí wọn ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn ló pọ̀ jù nínú wọn.

Alẹ́ Fúráìdeé ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ìjì náà lórúkọ: Beryl. Ó ṣì wà lójú òkun jíjìn ní ìlà oòrùn Barbados. Orin kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé káàkiri erékùṣù wọ̀nyẹn, pé oṣù kẹfà ti yá jù, oṣù keje kí á máa wọ̀nà. Bàbá oníbúrẹ́dì kọ ọ́ sí wa létí láàárọ̀ Sátidé, ó ń ṣa búrẹ́dì fún wa, kò sì dúró kọ ọ́ tán tó fi ní òun ń lọ wá okùn kún okùn. Omi òkun ní oṣù kẹfà yẹn gbóná bí ìgbà tí oṣù kẹsàn-án bá dé, omi gbígbóná sì ni oúnjẹ ìjì.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, àwọn ọkọ̀ ti ń tò wọ inú igbó. Tọkọtaya ará Kánádà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń tú aṣọ ìgbòkun wọn kúrò lára òpó, nítorí aṣọ tí afẹ́fẹ́ bá tú lójú ìjì lè fa ọkọ̀ ya. Wọ́n jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Okùn mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, ìdákọ̀ró mẹ́ta. Mo bá wọn gbé èyí tó wúwo jù lára rẹ̀, ọkùnrin náà sì ní kí á tètè wá kí àyè tó tán, òun á fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fún wa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Trinidad lónìí."

"Túsìdé la máa gbé ọkọ̀ gòkè. Kí la fẹ́ lọ jókòó ṣe níbẹ̀ láti ọ̀la? O mọ iye tí wọ́n ń gbà fún ìdúró ọjọ́ kan?"

Òṣómàáló ò kú. Mo ní kí wọ́n má bínú, owó ìdúró ọjọ́ méjì ò tó owó ọkọ̀. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi ń wọ inú igbó, èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ wá ń sá fún igi ẹ̀gbà. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ: èmi fúnra mi gbà pé inú igbó yẹn dára. Ká ní ọkọ̀ tó gbẹ ni, ibẹ̀ ni à bá so ó sí, n ò ní parọ́ fún yín.

Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni ìbéèrè kan péré. Mo ní tí a bá so ọkọ̀ sáàárín igi, tí a gòkè lọ sùn sílé ìsìn tàbí ilé ìwé bí gbogbo èèyàn á ti ṣe, ta ni yóò máa gbọ́n omi? Ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde fúnra rẹ̀, agbára bátìrì ló ń lò. Bí oòrùn ò bá ràn fún ọjọ́ méjì, bátìrì á kú, ọkọ̀ á sì rì síbi tó wà kí ìjì tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọ́n wo garawa. Wọ́n ní, "Lọ mú páásípọ́ọ̀tù."

Ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè wà létí omi ní Tyrrel Bay níbẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ti tò ṣáájú wa, gbogbo wọn ló ń lọ sí Trinidad. Rédíò wà lórí fèrèsé, wọ́n ń gbá àṣekágbá krikẹ́ẹ̀tì àgbáyé ní Barbados, India àti South Africa. Ọ̀gá aṣọ́bodè ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé, etí rẹ̀ wà nídìí rédíò. Nígbà tí wọ́n bá mú ẹnìkan jáde nínú eré, òǹtẹ̀ á dúró sókè, a ó jọ dúró tì í. Kò sẹ́ni tó bínú. Láàárín ọjọ́ méjì sí i, àwọn agbábọ́ọ̀lù India tó gba ife yẹn wà nínú òtẹ́ẹ̀lì ní Barbados, wọn ò rí ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ ilé, nítorí ìjì kan náà.

Bí a ṣe ń padà sọ́dọ̀ ọkọ̀, a bá bàbá oníbúrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà igbó. Kò ta búrẹ́dì mọ́, okùn ló ń bá àwọn àlejò so. Ó gé páìpù rọ́bà ògbólógbòó kan sí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó ń ki okùn bọ inú rẹ̀, kí rọ́bà lè wà níbi tí okùn ti máa kan etí ọkọ̀. Okùn tó ń kan irin, tí ọkọ̀ ń fà á síwá sẹ́yìn ní gbogbo òru, gbígbóná ló máa gbóná láti inú wá títí á fi yọ́. Ó ní okùn ti ń tán lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n gbé okùn wa méjì tó nípọn jù jáde, funfun pẹ̀lú òwú búlúù kan tó lọ́ mọ́ ọn, mítà ogójì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó mú un, a ò nílò rẹ̀ lójú òkun. Mo rò ó lọ́kàn mi pé Ìjẹ̀ṣà tó ń sunkún owó ìdúró ọjọ́ méjì ló ń fi okùn olówó iyebíye tọrẹ yìí, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́.

Aago kan kọjá díẹ̀ la gbé ìdákọ̀ró. Láti Carriacou dé Chaguaramas tó nǹkan bí 110 máìlì ojú òkun, ogún wákàtí sì ni fún ọkọ̀ bíi tiwa. A gbọ́ lórí rédíò pé India borí pẹ̀lú ràn-án méje kí Carriacou tó kéré lẹ́yìn wa. Òkun dára, afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìròyìn ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń bọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta àbọ̀, a yà fún Kick 'em Jenny, òkè oníná tó wà nísàlẹ̀ òkun, bíi kìlómítà mẹ́jọ sí àríwá Grenada. Ọdún 1939 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tó bú gbàmù, ọdún 2017 ló sì tún sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kìlómítà kan àbọ̀ yí i ká, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gbà á kọjá lọ́jọ́ tó bá tiẹ̀ ń sùn, nítorí afẹ́fẹ́ gáàsì tó ń tú sókè lè mú kí omi fúyẹ́ débi tí ọkọ̀ á fi rì wọ inú rẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà wọn.

Ìṣòro wa dé nígbà tí Grenada bo afẹ́fẹ́ mọ́ wa lójú. Ìgbòkun rọ̀ bọ̀tọ́, àfi ká tan ẹ́ńjìnì. Bí ṣáàfù bá sì ń yí, jíjò á le sí i gan-an. Garawa ìdajì ní wákàtí mẹ́rin di garawa kan ní ìdajì wákàtí. Mo ń gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n ń tọ́kọ̀, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù tún gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ẹ̀gbẹ́ St. George's, la rí i pé Beryl ti kúrò ní ìjì kékeré, ó ti di hurricane gidi, ìjì ńlá tó ń yí. Ẹ̀gbọ́n kà á sókè, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jẹun, kí àwọn náà gbọ́n díẹ̀.

Lóru, iná orí òpó mẹ́tàdínlógún ni mo kà níwájú àti lẹ́yìn wa, gbogbo wọn ń lọ sí gúúsù. Àwọn ọkọ̀ kì í sábà rìn pọ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀, àwọn olè ojú omi láti ọ̀nà Venezuela ti dá àwọn ọkọ̀ onígbòkun lọ́nà nítòsí ibùdó gáàsì Hibiscus, ìdí nìyẹn tí atukọ̀ fi máa ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Trinidad kó tó gbéra, tí yóò sọ wákàtí tó máa kọjá níbẹ̀. Àwa náà kọ ọ́. Ibùdó yẹn tàn bí ọjà alẹ́ láàárín òkun. A gba ìlà oòrùn rẹ̀ kọjá, oòrùn ò tíì yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkè Trinidad wà níwájú wa, àwọ̀ ewé dúdú. A wọ ẹnu Boca, ọ̀nà omi tó wọ Chaguaramas, a ta àsíá yẹ́lò sókè láti fi hàn pé a ò tíì rí aṣọ́bodè, ó sì di aago mẹ́sàn-án Sọ́ńdè kí okùn wa tó kan ilẹ̀ ní Chaguaramas. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Beryl wọ ìpele kẹrin nínú márùn-ún tí wọ́n fi ń wọn agbára irú ìjì bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ìjì Atlantic, kò sí èyí tó tíì dé ìpele yẹn nínú oṣù kẹfà rí.

Mọ́ńdè ọjọ́ kìíní oṣù keje ni. Ní Chaguaramas, oòrùn ń ta, ewé ò tiẹ̀ mì dáadáa. A jókòó sábẹ́ páànù ọgbà ọkọ̀ náà, àwa bí ogójì, oníkálukú ń wo fóònù. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ nínú igbó ẹ̀gbà ń ka ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ sókè. Ní aago mẹ́wàá, ìwé ṣì ń wọlé. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ojú ìjì náà, àárín rẹ̀ gan-an, gun Carriacou, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré ju 220 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìwé kankan mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ha ìdọ̀tí kúrò nídìí ọkọ̀ níbẹ̀, ọmọ Trinidad, gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá, ó wá jókòó tì wá. Ó ní ìyá ìyá òun máa ń bọ Òrìṣà, orúkọ Ọya wà lára ohun tí òun gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó pè é dáadáa, ohùn sì dúró níbi tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n ò lè dá a lóhùn. Wọ́n kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Olórí ìjọba Grenada, Dickon Mitchell, ló sọ ọ́ lálẹ́ pé ìdajì wákàtí ni Carriacou fi di pẹrẹsẹ. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ilé 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní Carriacou àti Petite Martinique ló bàjẹ́ tàbí tó wó pátápátá. Union Island tó wà lókè wọn, tó jẹ́ ti St. Vincent, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọkọ̀ inú igbó ńkọ́? Ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí n tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu àwọn tó so ọkọ̀ síbẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ìjì apá ayé yìí ń yí bí ọlọ, láti ọ̀tún sí òsì. Bí ó ti ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, àríwá ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ti fẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé kọ imú ọkọ̀ sí tí wọ́n so okùn tó dára jù mọ́. Ojú ìjì dé, ohun gbogbo pa rọ́rọ́. Nígbà tó kọjá, afẹ́fẹ́ padà, ó gba gúúsù wọlé, ó sì mú wọn láti ẹ̀yìn. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tí kì í ṣe atukọ̀ kì í sábà mọ̀: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ipá rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Okùn tó gba ìjì lásán láìjanpata, mẹ́rin irú rẹ̀ lè má tó lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó wá burú jù ni pé ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fẹ̀gbẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. O lè so tìrẹ bí ẹni so ẹlẹ́wọ̀n. Tí ti aládùúgbò rẹ bá já, orí tìrẹ ni yóò wá bọ́ sí, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ bọ́ sórí ẹnìkẹta.

Ọkọ̀ tọkọtaya ará Kánádà yẹn lọ. Okùn mẹ́sàn-án, ìdákọ̀ró mẹ́ta. Àwọn fúnra wọn wà nínú ilé bàbá oníbúrẹ́dì, nínú balùwẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó bàbá àti ọmọ ọmọ méjì, nígbà tí òrùlé ṣí lọ lórí wọn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọkọ̀ ẹnìkan tí kò mọ okùn so rárá, tí a máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà lórí rédíò, wà lórí omi lọ́jọ́ kejì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló já. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́ mi ní ọgbọ́n ìjì báyìí, mo kàn máa ń mi orí ni.

Ọ̀rọ̀ owó, kíá ni mo fẹ́ gbà á kọjá. Nínú àwọn tí a mọ̀, inṣọ́ránsì sanwó fún àwọn kan láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn kan ṣì ń bá wọn kọ̀wé di ọdún tó tẹ̀lé e. Ìwé tiwa tuntun ti yọ Carriacou kúrò. Wọ́n ti fa ìlà wálẹ̀. Grenada gan-an ní inṣọ́ránsì ti ara rẹ̀, nínú àjọ tí àwọn erékùṣù náà jọ dá, ó sì gba ohun tó lé ní ogójì mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀. Wọ́n tún ti kọ ọ́ sínú àdéhùn gbèsè tí wọ́n tún ṣe ní 2015 pé bí ìjì bá kọlù wọ́n, àwọn olówó á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tún béèrè owó. Ẹ̀gbọ́n ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní irú gbèsè báyìí, ká ní wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà ayé bàbá àwọn, kò sí òṣómàáló kankan tí ì bá là.

Oṣù kọkànlá la padà sí Carriacou. Wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, kò jò mọ́. A kó páànù, ìṣó, tapólì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan dání, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì. Láti ojú òkun, òkè tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ ti ní àpá lára. Igbó ẹ̀gbà ló burú jù: ewé ti re tán, igi dúró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti kú.

Bàbá oníbúrẹ́dì rù. Ó fi ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ gbé wa wọ inú ọ̀nà omi náà, nítorí tirẹ̀ ò sí mọ́. Òpó ọkọ̀ ń yọ lókè omi níbí àti lọ́hùn-ún. Ó ń fi ọwọ́ hàn wá láìsọ̀rọ̀. Ní ibi kan tí ọ̀nà ti tẹ̀, ó dá ọkọ̀ dúró. Okùn funfun kan wà mọ́ gbòǹgbò níbẹ̀, pẹ̀lú òwú búlúù. Páìpù rọ́bà tí bàbá fi bò ó ṣì wà lára rẹ̀. Mo fà á, ìyókù rẹ̀ gòkè láti inú ẹrẹ̀, ó wúwo: lórí ẹnu rẹ̀ kejì, irin tí wọ́n ti so ó mọ́ lára ọkọ̀ ará Kánádà yẹn ṣì wà, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú, nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì di ègé ara ọkọ̀ kan mú, tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kò sí kókó tó tú. Kò sí ibi tí okùn ti fọ́.

Bàbá gba okùn náà lọ́wọ́ mi. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀ yíká bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Ó béèrè bóyá mo ní ọ̀bẹ. Kókó ti le mọ́ gbòǹgbò jù láti tú, ó gé e níbi tó súnmọ́ ọn jù, kó má bàa ṣòfò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láàárín àtẹ́lẹwọ́ àti ìgúnpá rẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó ní tí kò bá bí wọn nínú, tapólì ilé ìdáná òun ò tíì dúró dáadáa.